Ìbọn Ẹlẹ́nu Kan àti Ìwé Tí Ó Ń Jẹ́rìí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìtàn tí a ó jọ sọ lónìí jẹ mọ́ ìbọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn ogun, kì í sì í ṣe ti ọdẹ inú igbó. Bí a bá dárúkọ ìbọn ẹlẹ́nu kan, ìbọn àwọn ọdẹ wa ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn, irú èyí tí tálákà lè tu owó jọ rà, nítorí pé ẹlẹ́nu méjì ni ọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ yí padà. Ìbọn ẹlẹ́nu kan di ohun tí olówó fi ń ṣe fáàrí, wọ́n sì ń ṣe é ní ìpele-ìpele, láti orí èyí tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀ títí dé orí èyí tí a fi wúrà sí lára. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn wọ̀nyí. Àwọn tí ó ṣe wọ́n ti kú, àwọn ilé iṣẹ́ náà sì ti pa tàbí kí wọ́n ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Báwo ni a ṣe ń mọ ìpele tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà ní tòótọ́? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé tí àwọn akọ̀wé ilé iṣẹ́ kọ, ìwé náà ni a ó sì yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ eré tí a fi ń ṣe. Láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó fẹ́ fi ìbọn yínyìn díje a máa kó ẹyẹlé sínú àpótí kékeré kan. Orúkọ tákúté ni wọ́n sọ àpótí yìí ní èdè wọn, orúkọ náà sì mọ́ eré náà lára títí di òní. Bí ẹni tí yóò yìnbọn bá ti múra tán, yóò kígbe pé, "Fà á!" Ẹni tí ó di okùn mú yóò fà á, àpótí yóò ṣí, ẹyẹlé yóò fò, ìbọn yóò sì dún. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù onígíláàsì sókè dípò ẹyẹ. Ní ọdún 1880 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ George Ligowsky, ní ìlú Cincinnati, gbé àwo amọ̀ pẹlẹbẹ kan jáde, tí ẹ̀rọ lè jù kí ó máa fò lọ bí ẹyẹ. Ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní Grand American bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1893 pẹ̀lú ẹyẹlé alààyè, ní ọdún 1900 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi àwo amọ̀ ṣe é. Láti ọdún 1924 títí di ọdún 2005, ìlú Vandalia ní ìpínlẹ̀ Ohio ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní ọdún 2006, wọ́n gbé e lọ sí Sparta ní ìpínlẹ̀ Illinois.

Nínú ẹ̀yà eré yìí tí ó wọ́pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń yìnbọn sí àwo kan. Bí o bá tàsé, o tàsé nìyẹn. Kò sí àtúnṣe. Kí ni ènìyàn yóò wá fi ẹnu kejì ṣe lára ìbọn rẹ̀? Yáàdì 16 ni ayìnbọn fi ń jìnnà sí ibi tí àwo ti ń jáde, àwọn ọ̀jáfáfá a sì máa dúró ní ẹ̀yìn títí dé yáàdì 27. Àwo náà ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sá lọ. Nítorí náà, ìbọn tí ó yẹ fún un ni èyí tí ọ̀pá rẹ̀ gùn, láti íǹṣì 30 dé 34, tí ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ gíga kan lórí ọ̀pá náà tí ojú yóò máa tọ̀, tí ìdí rẹ̀ sì ga díẹ̀ kí ó lè mú kí ìbọn náà kọjú sí òkè. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ ìbọn fi jókòó, tí wọ́n sì ṣe ìbọn ẹlẹ́nu kan tí ó jẹ́ ti eré yìí nìkan.

Ilé iṣẹ́ mẹ́rin ni a ó dárúkọ. Ilé iṣẹ́ Ithaca, ní ìlú Ithaca ní ìpínlẹ̀ New York, mú tirẹ̀ jáde ní ọdún 1914. Emil Flues ni ó ṣe ètò ẹ̀rọ inú rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1922, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Knick, láti inú orúkọ Frank Knickerbocker tí ó ṣe ètò rẹ̀. Parker Brothers ti ìlú Meriden ní ìpínlẹ̀ Connecticut àti Hunter Arms ti ìlú Fulton ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn tí ń ṣe ìbọn L. C. Smith, bẹ̀rẹ̀ ti wọn ní ọdún 1917. Ilé iṣẹ́ A. H. Fox ti ìlú Philadelphia tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1919.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ìpele tirẹ̀ àti ọ̀nà tí ó gbà ń pè é. Parker ń lo lẹ́tà: SC, SB, SA, SAA, àti SA-1 Special tí ó ga ju gbogbo wọn lọ. Lẹ́tà S ń sọ fún wa pé ẹlẹ́nu kan ni. L. C. Smith ń lo orúkọ: Specialty, Eagle, Crown, Monogram, Premier àti DeLuxe, kí wọ́n tó fi Olympic kún un ní ọdún 1928. Fox ní J, K, L àti M. Ithaca ní Victory, 4E, 5E, 7E, àti Sousa lókè. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Lọ́dọ̀ Parker, bí lẹ́tà bá ti ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ááfábẹ́ẹ̀tì ni ìbọn ń ga sí i, nítorí SA ju SC lọ. Lọ́dọ̀ Fox, òdìkejì ni: M ni ó ju J lọ. Ẹni tí kò bá mọ àṣà ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó kàn fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ tú u, yóò ṣi ọ̀nà.

Kí ni ó ya ìpele kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì? Ẹ̀rọ inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ wo igbá. Èyí tí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ fi ọ̀bẹ fín lára tí ó dára wò, àti èyí tí a kò fín rárá, omi kan náà ni àwọn méjèèjì ń bù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìbọn wọ̀nyí. Iye fínfín tí ó wà lára irin, bí igi ìdí rẹ̀ ti dán tí ó sì ní ọnà tó, bí a ti ha ìlà wẹ́wẹ́ sí ibi tí ọwọ́ ń dì mú, irú irin tí a fi ṣe ọ̀pá rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí oníṣẹ́ ọnà fi jókòó tì í, ìwọ̀nyí ni ó ń pààlà sí ìpele. Àwọn tí ó wà lókè kò pọ̀ rárá. Gbogbo ìbọn ẹlẹ́nu kan tí Fox ṣe fún eré yìí, bí a bá pa ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kò tó 600. Premier àti DeLuxe ẹlẹ́nu kan ti L. C. Smith kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi ìka ọwọ́ kan kà wọ́n.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ó bá ṣọ̀wọ́n ni owó ń lé kiri. Bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìbọn tí ó wọ́pọ̀ àti èyí tí kò wọ́pọ̀ bá jẹ́ fínfín lásán, kí ni yóò dá ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan dúró pé kí ó má ra ìbọn ìpele ìsàlẹ̀, kí ó gbé e fún ẹni tí ó mọ irin fín, kí ó sì tà á bí ti òkè? Àwọn baba wa sọ pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ìbọn pẹ̀lú lè wọ aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó bá sì rà á lè ti kó gbogbo ohun tí ó fi pamọ́ láti ọdún pípẹ́ lé e lórí.

Nígbà náà ni a ó wá lọ sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìbọn, wọ́n a máa tẹ nọ́ḿbà kan náà sí ara ọ̀pá, sí ara irin tí ó gbé ẹ̀rọ inú, àti sí ara irin abẹ́ igi iwájú, nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú wọn bára mu, wọn kò sì fẹ́ kí ti ìbọn kan dàpọ̀ mọ́ ti òmíràn. Nọ́ḿbà yìí ni akọ̀wé ń kọ sínú ìwé. Parker ní ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tí oníbàárà béèrè sí, wọ́n sì ní òmíràn tí wọ́n ń kọ àwọn ìbọn fúnra wọn sí. Fox ń lo káàdì. Lórí ìlà kan ṣoṣo, akọ̀wé lè sọ fún wa ìpele ìbọn náà, bí ọ̀pá rẹ̀ ti gùn tó, irú irin tí ọ̀pá náà jẹ́, ìwọ̀n ìdí rẹ̀, ẹni tí ó béèrè fún un, ọjọ́ tí ó jáde kúrò nílé iṣẹ́, àti iye tí wọ́n tà á. Akọ̀wé náà kò mọ̀ pé ìtàn ni òun ń kọ. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni pé kí owó pé, kí oníbàárà má sì bínú. Ìdí rèé tí a fi lè gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́: kò ní ìdí kankan láti purọ́ fún àwa tí a kò tíì bí.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wà nínú bí a ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìkíní, a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó ṣe ìbọn kí nọ́ḿbà tó lè wúlò. Orí 400,000 ni Fox ti bẹ̀rẹ̀ nọ́ḿbà àwọn ẹlẹ́nu kan rẹ̀. Àwọn ìbọn Knick ti Ithaca náà ní nọ́ḿbà tí ó ju 400,000 lọ. Nọ́ḿbà kan náà lè wà lára ìbọn méjì tí kò bá ara wọn tan rárá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ méjì ti lè jẹ́ Àjàyí ní àdúgbò méjì.

Ìkejì, orúkọ ìpele lè yí padà bí ọdún ti ń yí. Sousa tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni John Philip Sousa, ọ̀gá àwọn onífèrè tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀, ẹni tí ó darí ẹgbẹ́ onífèrè àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn láti ọdún 1880 dé 1892. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn eré ìbọn yìí dé góńgó, ilé iṣẹ́ Ithaca sì fi orúkọ rẹ̀ pe ìpele wọn tí ó ga jù. Sousa kú ní ọdún 1932. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi iye owó pe ìpele náà: ti 1,000 dọ́là ni ó kọ́kọ́ jẹ́, bí ọjà ti ń gbówó lórí, orúkọ náà ń ga, títí ó fi di ti 5,000 dọ́là. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí orúkọ méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwé lè rò pé ìpele mẹ́ta ni, nígbà tí ó jẹ́ pé àga kan náà ni, ẹni tí ó jókòó lórí rẹ̀ ni ó ń yí padà. Ọdún tí ó wà lórí ìlà ni yóò là á lọ́yẹ̀.

Ìkẹta ni ó ṣòro jù: kí ni a ó ṣe bí ìbọn àti ìwé bá ń takora? Ká sọ pé ẹnìkan mú ìbọn Parker kan wá tí fínfín kún ara rẹ̀, tí ó ní SAA ni. A wo nọ́ḿbà rẹ̀, a béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn tí ń kó ìbọn Parker jọ, èsì sì dé pé nígbà tí ìbọn náà jáde, SC ni. Ṣé kí a pe ẹni náà ní olè? Rárá o. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó lè jẹ́ pé ẹlẹ́tàn kan ni ó fín in lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ ti pa. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, irin náà yóò sọ fún wa: nítorí pé a ní láti kọ́kọ́ ha ojú irin kí a tó fín in, àwọn lẹ́tà àtijọ́ yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, igun irin tí ó yẹ kí ó mú yóò sì ti kúnná. Ó tún lè jẹ́ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín ni ó dá a padà sí ilé iṣẹ́, tí ó sanwó kí wọ́n tún un ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà náà, ó yẹ kí a wá ìwé àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, bóyá a ó tún rí nọ́ḿbà náà níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé akọ̀wé ni ó ṣe àṣìṣe, tí 3 di 8 tàbí tí 1 di 7 lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò wo ìlà tí ó wà lókè àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Bí gígùn ọ̀pá ìbọn àti irú irin rẹ̀ bá bá ìlà náà mu, a jẹ́ pé akọ̀wé kò ṣì í kọ.

Ẹ̀rí ìwé kì í sì í ṣe fún mímú ẹlẹ́tàn nìkan. Ó ń gbèjà ẹni tí kò mọ nǹkan kan pẹ̀lú. Ẹ ro ti opó kan tí ọkọ rẹ̀ fi ìbọn sílẹ̀ fún. Ìdí ìbọn náà ti ṣẹ́ nígbà kan rí, wọ́n sì ti fi igi lásán rọ́pò rẹ̀. Ipata ti bo fínfín ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Oníṣòwò kan wá, ó ní ìbọn lásán ni, ó na owó táṣẹ́rẹ́ sí i. Bí obìnrin náà bá kọ nọ́ḿbà rẹ̀ ránṣẹ́, tí èsì sì dé pé Monogram ni ìbọn yìí nígbà tí ó kúrò ní Fulton, ọwọ́ ta ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà? Ọwọ́ akọ̀wé kan tí ó ti di erùpẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Ìlà kan ṣoṣo tí ó kọ ni ó dúró láàrin opó náà àti ìrẹ́jẹ.

A kò wá gbọdọ̀ rò pé ìwé kì í ṣègbé. Ilé iṣẹ́ Fox bọ́ sọ́wọ́ Savage ní ọdún 1929, wọ́n sì kó o lọ sí Utica ní ìpínlẹ̀ New York. Kì í ṣe gbogbo káàdì rẹ̀ ni ó kù lónìí. Parker bọ́ sọ́wọ́ Remington ní ọdún 1934 nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, a sì rí àwọn ọdún tí ìwé wọn kò pé. Ti Hunter Arms ni ó yani lẹ́nu jù. Marlin ra ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 1945. Ní ọdún 1949, ilẹ̀ ilé ńlá náà ní Fulton já, ẹ̀rọ wúwo sì wọ inú odò Oswego lọ. Ibi tí L. C. Smith parí sí ní Fulton kò jìnnà sí ìgbà náà. Ẹ̀rọ onírin rì sómi, ṣùgbọ́n ìwé tí iná lè jó, tí kòkòrò lè jẹ, ni ó kù. Lónìí, àwọn ìwé náà wà nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìbọn ní ìlú Cody ní ìpínlẹ̀ Wyoming, ẹni tí ó bá sì ní nọ́ḿbà lọ́wọ́ lè kọ̀wé béèrè níbẹ̀.

Níbi tí ìwé kò bá sí, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Pé a kò rí nǹkan kan kà kò sọ pé nǹkan náà kò ṣẹlẹ̀. Ìbọn tí ìwé rẹ̀ ti sọnù kì í ṣe ayédèrú nítorí ìyẹn; ẹlẹ́rìí rẹ̀ kan ni ó kú. Ohun tí ó kù fún wa ni pé kí a wo irin rẹ̀, igi rẹ̀ àti nọ́ḿbà ara rẹ̀, kí a fi wé èyí tí ìwé rẹ̀ ṣì wà, kí a sì sọ níwọ̀nba ibi tí ojú wa tó.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà tí a gbà ń mọ ìpele ìbọn wọ̀nyí ni a gbà ń mọ púpọ̀ nínú ìtàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹwà ohun kan tó yín láti gba ìtàn rẹ̀ gbọ́. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní ọjọ́ tí a ṣe é. Ẹ béèrè ẹni tí ó kọ ọ́, àti ìdí tí ó fi kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ohun náà àti ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ń rán aṣọ, tí ẹ ń kan àga, ẹni tí ó bá ń kọ ọjọ́, iye owó àti orúkọ oníbàárà sínú ìwé kékeré rẹ̀ ń ṣe ju ìṣirò lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n òtítọ́ pẹ̀lú nílò ohun tí yóò gùn dé ibẹ̀. Ní ti ìbọn tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìlà kan nínú ìwé akọ̀wé ni ẹṣin rẹ̀.